Òfin Ti Wà. Àwọn Tí Yóò Mú Un Ṣẹ Dà?

Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ẹ̀tọ́ du àwọn akàndá ẹ̀dá sí ẹ̀ṣẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Òfin náà fi ọdún márùn-ún sílẹ̀ kí a fi tún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ṣe, kí ẹni tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn lè wọlé láìjẹ́ pé a gbé e pọ̀n. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní 2024. Ó sì tún pàṣẹ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹnì kan tí ó kọ́ṣẹ́ bí a ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfin yìí dára. Ṣùgbọ́n a fẹ́ bi àwọn aláṣẹ wa léèrè pé: níbo ni a ó ti rí àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 1955. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, iye ọmọ tí ó wà nílé-ẹ̀kọ́ ju 800,000 lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye ti ọdún tí ó ṣáájú. Olùkọ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí kò kárí wọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ni a kó wọ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ, bí kò bá sí ẹni tí yóò gba àlejò nínú ilé.

Kì í ṣe pé a kò ní ibi kankan. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ti wà láti 1977, Ọ̀yọ́ ni ó sì fi ṣe ibùjókòó. Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ní ẹ̀ka tirẹ̀. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni àwọn tí ń ti ibẹ̀ jáde, a kò sì lè ṣe aláìní wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ọ̀rà kì í pàdé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lójoojúmọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni ó ń pàdé, àti nọ́ọ̀sì, àti akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀. Bí olùkọ́ náà bá kọjú sí pátákó nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀, ọmọ tí ó ń wo ẹnu kí ó tó mọ ohun tí a wí ti pàdánù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. A ó sì máa pè é ní olódo.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ nípa àwọn akàndá di ẹ̀kọ́ àfikún tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn mọ́ èyí tí ó tìtorí rẹ̀ wá, ìbáà jẹ́ ìṣirò, ìtọ́jú aláìsàn tàbí ilé kíkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni Ed Roberts, ẹni tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti bá jà, wọlé ní 1962, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi hàn pé àtẹ̀gùn àti ilẹ̀kùn tóóró lè dí ènìyàn lọ́wọ́ ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti wà láti 1979, nígbà tí ìlú náà ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Ìlera sì ti dé bá a níbẹ̀. Ìlú tí ń kọ́ olùkọ́, tí ó tún ń kọ́ oníṣègùn, ni ó yẹ kí irú ẹ̀kọ́ yìí ti gbilẹ̀ ní gbogbo Ìgbómìnà.

Àwọn kan yóò wí pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Òótọ́ ni. Àwọn baba wa tí ó pa òwe náà ni ó ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín ni òwe náà kọ̀, kò kọ ìpèsè. Bàbá tí ó fẹ́ ra bàtà fún ọmọ rẹ̀ kò lè ṣàì wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò wí pé owó dà? Ẹ̀kọ́ àfikún kò béèrè ilé tuntun. Ohun tí ó béèrè ni olùkọ́ díẹ̀, kí adití àti afọ́jú tí ó mọ̀wé sì wà lára wọn, kí a san owó iṣẹ́ fún wọn bí a ti ń san án fún ẹlòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ẹni tí ó kọ́ ọ yóò di ògbufọ̀ èdè ọwọ́ ní kóòtù. Ó tó kí ó mọ ẹni tí òun yóò ké sí, kí òun fúnra rẹ̀ má sì di ìdènà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé ẹnì kan nínú mẹ́fà ní ayé ni ó ní irú ìpèníjà bẹ́ẹ̀. Ojú tí ó mọ́lẹ̀ lónìí, ogbó lè mú un ṣókùnkùn. Nítorí náà, a rọ àwọn alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn ọmọ Ìlá tí Ọlọ́run bùkún fún, kí wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí kí sáà ẹ̀kọ́ mìíràn tó wọlé.