Ẹ̀bùn tí Awùjalẹ̀ Kọ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ìjòyè òyìnbó kan kò mọ̀ ọ́n, tàbí pé wọn kò fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣàn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀ràn náà kàn yín, nítorí ẹnu ọ̀nà òwò létí ọ̀sà ni ìlú yín méjèèjì wà. Ní oṣù May 1891, Captain Denton, adelé Gómìnà Èkó, kó ọmọ ogun Háúsá lẹ́yìn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, pé kí Awùjalẹ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ó mú ẹ̀bùn dání. Awùjalẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò gbà á. Ìjọba ní wọ́n fi àbùkù kan òun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wá tọrọ àforíjì.

A bi yín léèrè: ta ni ó fi àbùkù kan ta ni? Ẹni tí ó kó ìbọn wọ ilé onílé, àlejò ha ni bí? Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹlẹ́bẹ̀ ti gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn Ìjẹ̀bú kò gba ẹ̀bẹ̀ náà, nítorí náà wọn kò gba ẹ̀bùn. Òótọ́ inú ni èyí, kì í ṣe àfojúdi.

Ní January 1892, àwọn ikọ̀ Ìjẹ̀bú wá sí Èkó. Gómìnà Carter bá wọn ṣe àdéhùn pé kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba sì máa san 500 pọ́n-ùn lọ́dọọdún dípò owó ibodè. Àwọn ikọ̀ kọ̀ láti fọwọ́ kan kálàmù. Ọmọ Ìjẹ̀bú méjì tí ń gbé Èkó ni ó fọwọ́ sí ìwé fún wọn. Kò pẹ́ tí a fi dá òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan padà lójú ọ̀nà, ìjọba sì ní àdéhùn ti bàjẹ́. Ní May, ọmọ ogun gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ìbọn Maxim fọ́ ogun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn.

A kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Ọ̀nà tí Ìjẹ̀bú ń dí ń ni ará òkè lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nítorí ọ̀nà òwò ni Ẹ̀gbá fi dó ti Ìkòròdú, títí Glover fi rán ọmọ ogun láti tú ibùdó wọn ká ní ọjọ́ 29 March 1865. Ìkòròdú yọ̀, ó sì tọ́ kí ó yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè wá là wá níjà lónìí lè padà wá lọ́la láìjẹ́ pé a pè é. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ìjẹ̀bú nìkan kọ́. Ní January 1897, a ní kí Phillips dúró kí Ọba Bìní parí ọdún rẹ̀; ó lọ, a pa á, ìlú sì parun ní February. Ní 1900, Gómìnà Hodgson béèrè Àga Wúrà ní Kumasi kí òun lè jókòó lé e, àga tí ọba Asante pàápàá kì í jókòó lé. Ogun ni ó bá nídìí rẹ̀.

Èrò wa nìyí: àìmọ̀ tí ń mú èrè wá fún ènìyàn kì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ọ̀nà ni ìjọba ń fẹ́. Àbùkù ni ó fi ṣe àwáwí. Nígbàkígbà tí a bá sì gbọ́ pé orílẹ̀-èdè ńlá kan ní kékeré fi àbùkù kan òun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó kó lọ́wọ́ nígbà tí ó lọ kí i.

Lónìí, àjèjì ń rọ́ wá sí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ láti ra ilẹ̀ àti láti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Kí àlejò béèrè èèwọ̀ ìlú kí ó tó bínú; kí onílé sì ṣe àlàyé kí ó tó dí ọ̀nà.