Ẹ pe nǹkan lórúkọ rẹ̀ nínú Python



Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ Python, ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú dictionary. Bí a bá yọ àmì kúrò, "oko" ni gbogbo wọn: oko àgbẹ̀, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Nítorí náà, dictionary kan á wà nínú òmíràn, bíi yàrá nínú ilé:

àkójọ = {"oko": {"ọkọ́": "irinṣẹ́ àgbẹ̀", "ọkọ̀": "ohun ìrìnnà"}}

for ilé, yàrá in àkójọ.items():
    for ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ in yàrá.items():
        print(ilé, ọ̀rọ̀, ìtumọ̀)

Àwọn kan á kọ k àti k2, wọ́n á wá máa wá d[k][k2] kiri. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn: ta ló máa rántí ohun tí k2 jẹ́ lọ́la? .items() ń mú orúkọ àti ohun inú rẹ̀ wá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ìgbà tí Python 3 ti jáde ní ọdún 2008 ló ti gba àmì ohùn lórí irú orúkọ báyìí. Bí kọ̀ǹpútà bá mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, kí ló dé tí àwa fi ń yọ àmì sílẹ̀?

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó dàbọ̀ o.