Iyì Ènìyàn, Kíráàkì àti Sọ́fítíwíà Olómìnira

Bí àgbẹ̀ kan ní Omifunfun bá ra àdá ní ọjà Ore, àdá náà ti di tirẹ̀. Ó lè pọ́n ọn, ó lè pààrọ̀ eèkù rẹ̀, ó sì lè yá aládùúgbò rẹ̀ lò lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kò ní tẹ̀ lé e dé oko kòkó láti sọ pé kò gbọdọ̀ fi gé ọ̀pẹ.

Sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń tẹ àpilẹ̀kọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a tilẹ̀ sanwó, àṣẹ lílò nìkan ni wọ́n tà fún wa. A kò lè wo inú rẹ̀, a kò lè tún un ṣe, a kò sì gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọ̀rẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ọ̀rọ̀ iyì ènìyàn ni, ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì lórí iṣẹ́ sì lè jẹ́ kó yé wa, yálà ọmọ Ìjọ ni wá tàbí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá kọ Rerum Novarum láti gbèjà àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ní oṣù Kẹsàn-án 1981, John Paul Kejì kọ Laborem Exercens. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ló wá sí Nàìjíríà. Ó ní nítorí ènìyàn ni iṣẹ́ ṣe wà, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ni ènìyàn ṣe wà, àti pé irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa sin ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́. Ìdí ni pé ní àwòrán Ọlọ́run ni a dá ènìyàn. Nínú Centesimus Annus ní 1991, ó fi kún un pé ìmọ̀ àti ọgbọ́n ẹ̀rọ ti di ohun ìní tó ṣe pàtàkì bíi ilẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ tálákà ni kò ní ọ̀nà láti dé ibẹ̀.

Richard Stallman kì í ṣe Kátólíìkì. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tó kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà ní 1983, ohun tó jọ èyí ló ń jà fún. Òmìnira mẹ́rin ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè fún olùlò: kó lo sọ́fítíwíà fún ohun tó bá wù ú, kó wo kóòdù rẹ̀, kó sì yí i padà, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó sì pín èyí tó ti tún ṣe. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe ọ̀fẹ́ àti òmìnira. Ní ti Yorùbá, a mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀ síra.

Ẹnìkan lè ní, “Kí ló kàn wá? Ṣebí kíráàkì wà.” Kíráàkì kò fún ẹnikẹ́ni lómìnira. A ṣì ń lo ohun tí a kò lè tún ṣe, fáírọ́ọ̀sì sì lè bá a wọlé. Lọ́jọ́ tí àmì ohùn bá di àpótí kéékèèké lórí ìwé wa, ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ wá la óò máa dúró dè.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí a lè lò ti wà nílẹ̀. Fọ́ọ̀ntì Charis SIL ń gbé ṣ, àti ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, dáadáa. Keyman wà fún títẹ Yorùbá. LibreOffice wà fún ìwé kíkọ, ó sì ń ṣí fáìlì Word. A lè fi fíláàṣì kan ṣoṣo gbé gbogbo wọn lọ sí ilé-ìwé kan ní Omifunfun láìlo dátà, láìjí ohun olóhun. Olùkọ́ ibẹ̀ lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀dà, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fún àbúrò rẹ̀.

N kò sọ pé Ìjọ ti pàṣẹ pé kí gbogbo sọ́fítíwíà di olómìnira. Ìjọ gbà pé ènìyàn lè ní ohun ìní, kó sì jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń kọ́ni pé gbogbo ènìyàn ni Ọlọ́run dá ohun ayé fún. N kò sì sọ pé kò ní nira. Ètò ojú-ìwé máa ń yí díẹ̀ láti sọ́fítíwíà kan sí òmíràn, ẹni tí yóò kọ́ni sì ṣọ̀wọ́n. Ohun tí àáró lè yanjú ni.

Nítorí náà, mo ń bẹ ẹ̀ka wa kó má ṣe fi dandan lé Word fún àpilẹ̀kọ mọ́. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ya Sátidé kan sọ́tọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan láti fi àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí sórí láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ tuntun. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ mọ kóòdù kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá kọ́ wa, kí ẹ sì jẹ́ kí iṣẹ́ yín wà ní gbangba kí àwa àbúrò yín lè tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀.