Ẹ Má Fi Ojú Ààrẹ Yan Aṣòfin

Àwọn àgbà ní, "Ọlá àbàtà ní í mú odò ṣàn, ọlá baba ọmọ ní í mú ọmọ yan." Òótọ́ ni èyí nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ìdí àpótí ìbò, ewu ni. Àṣà tí mo ń bá wí ni pé kí olùdíbò fẹ́ràn ẹnì kan tí ó ń du ipò ààrẹ, kí ó sì torí rẹ̀ tẹ̀ka fún gbogbo ẹni tí ó ti inú ẹgbẹ́ kan náà jáde, ì báà má mọ orúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí àpẹẹrẹ ìjọba alááàrẹ tí òfin 1979 gbé kalẹ̀ fún wa. Ní ọdún 1964, Lyndon Johnson fi ẹ̀yìn Barry Goldwater balẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹ́ Democratic tirẹ̀ sì gba ìjókòó 295 nínú 435 ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ní 1980, Ronald Reagan wọlé, ẹgbẹ́ Republican sì jèrè ìjókòó 12 ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Ní 2016, ní gbogbo ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti dìbò sí Ilé Aṣòfin Àgbà, ẹgbẹ́ tí ó borí nínú ìbò ààrẹ ni ó gba ìjókòó náà. Ewé pẹ́ lára ọṣẹ, ó di ọṣẹ.

Ṣùgbọ́n ọlá àyálò kì í tọ́jọ́. Ní 1966, nígbà tí orúkọ Johnson kò sí lórí ìwé ìbò, ìjókòó 47 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù.

Àwọn kan yóò sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, pé ààrẹ tí kò ní ènìyàn nílé aṣòfin kò lè ṣiṣẹ́. N kò jiyàn. Ilé aṣòfin ti Johnson ni ó ṣe òfin ìwòsàn fún àwọn àgbàlagbà àti òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1965. Ṣùgbọ́n bí ààrẹ bá ṣìnà ńkọ́? Ní 1972, Richard Nixon gba ìpínlẹ̀ 49 nínú 50. Síbẹ̀ àwọn olùdíbò fi ilé aṣòfin méjèèjì sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Democratic. Àwọn ilé wọ̀nyí ni wọ́n tú ìdí ọ̀rọ̀ Watergate wò, títí Nixon fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1974. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ó kún ibẹ̀, ta ni ìbá bi í léèrè?

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ní 1979, a dìbò aṣòfin kí a tó dìbò ààrẹ. Ní 1983, ti ààrẹ ni ó ṣíwájú. Láti 2015, ọjọ́ kan náà ni a ń dì méjèèjì. Ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ ń rí orúkọ olùdíje lórí ìwé ìbò; àmì ẹgbẹ́ nìkan ni ó wà lórí tiwa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, kí ìbò mìíràn tó dé, ẹ wádìí orúkọ ẹni tí ó fẹ́ ṣojú àdúgbò yín àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Aṣòfin tí ó ti ẹ̀yìn ààrẹ wọlé, ẹ̀yìn ààrẹ ni yóò máa tọ̀. Ẹni tí a fi ìwà ara rẹ̀ yàn ni yóò kà wá sí.