Bí Máàkì Owó Yíyá Yín Bá Dín Díẹ̀, Ẹ Wo Ẹ̀yìn Wò



Ọ̀rọ̀ kan ti ń wọ inú ilé wa láìkan ilẹ̀kùn. Ẹ lọ yá owó ní báńkì ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, kí ẹ lè fi kún ọjà yín tàbí kí ẹ fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Wọ́n tẹ BVN yín sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní máàkì yín kò tó. Tàbí kẹ̀, ọmọ yín tí ó wà ní Amẹ́ríkà pè yín lálẹ́, ọkàn rẹ̀ dàrú, nítorí pé máàkì rẹ̀ tí ó jẹ́ 712 lóṣù tó kọjá ti di 704. Credit score ni wọ́n ń pè é. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ènìyàn tìtorí máàkì mẹ́jọ má sùn?

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn baba wa tí à ń pè ní Òṣómàáló a máa gbé aṣọ lọ sí ìlú òkèèrè, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí oníbàárà bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, wọn a ní àwọn yóò lóṣòó síbẹ̀ títí owó àwọn yóò fi pé. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Òṣómàáló mọ ẹni tí ń san ní ọjọ́ àdéhùn, ó sì mọ ẹni tí ń gba ẹ̀yìnkùlé sá. Inú orí rẹ̀ ni ó ń kọ máàkì oníkálùkù sí. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ bíi CRC, FirstCentral àti CreditRegistry ni Báńkì Àpapọ̀ fún láṣẹ láti máa ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè. Àwọn báńkì ń fi ìròyìn ẹni tí ó yá owó àti bí ó ṣe ń san án ránṣẹ́ sí wọn. Láti ìgbà tí BVN ti dé ní ọdún 2014, gbèsè tí ẹ jẹ ní báńkì kan kò ṣe é fi pa mọ́ fún èkejì mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo ti FICO, tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1989. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 300, ó parí sí 850. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, 35 jẹ́ ti sísan owó lásìkò, 30 jẹ́ ti iye gbèsè tí ó wà lọ́rùn ẹni, 15 jẹ́ ti bí ó ti pẹ́ tó tí a ti ń yá owó. Gbèsè tuntun gba 10, oríṣiríṣi gbèsè tí a ní sì gba 10 yòókù.

Nítorí náà, máàkì mẹ́jọ lè lọ láìsí pé ẹ ṣẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi káàdì ra ọjà ni, tí báńkì sì fi ìròyìn ránṣẹ́ kí ẹ tó san án. Ó lè jẹ́ pé ẹ tọrọ owó tuntun. Ìyẹn kì í sábà yọ ju máàkì márùn-ún lọ. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá yẹ máàkì yín wò, kò dín in kù rárá. Ó dà bí ìgbà tí a gun ìwọ̀n láàárọ̀ tí a tún gùn ún lálẹ́: kò lè rí bákan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi oṣù kan gbáko kọjá ọjọ́ àdéhùn láìsan owó, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo ohun tí ó fa ìṣubú náà, nítorí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀bi yín. Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi wà láìrí owó oṣù gbà. Nígbà tí owó náà dé, wọn kò san án pé fún àwọn tí ipò wọn ga díẹ̀ títí di ọdún 2018. Bí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá jẹ báńkì lówó, kí ni yóò fi san án? Òṣómàáló tí ó lóṣòó sí ojúde á gbọ́ pé ọmọ ń ṣàìsàn, á sì rí i pé ìkòkò ò sí lórí iná. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Ohun tí ó mọ̀ ni pé owó kò wọlé.

Nítorí náà, ẹ lo ẹ̀tọ́ yín. Òfin ọdún 2017 lórí àkọsílẹ̀ gbèsè fún yín ní àǹfààní láti gba àkọsílẹ̀ tiyín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí ẹ bá san gbèsè tán, ẹ gba ìwé pé ẹ ti san án, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ má yá owó tuntun nítorí pé ẹ fẹ́ kí máàkì yín ga. Kí ẹ tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè san owó náà bí kò bá san án.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì àti ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀bẹ̀ wa rèé: bí ẹ ti ń yára kọ gbèsè sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ yára kọ ọ́ pé a ti san án. Ẹni tí ó ti san gbèsè tán tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ajigbèsè, a ti rẹ́ ẹ jẹ. Àwa yòókù, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi nọ́ńbà díwọ̀n ọmọlàkejì wa. Nọ́ńbà ń sọ bí owó ṣe wọlé. Kò lè sọ irú ènìyàn tí a jẹ́.