Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ń Lọ Kọ́ Ìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé ní Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kan àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti gba oyè àkọ́kọ́ nílé, tí wọ́n sì ń kọ̀wé béèrè àyè láti kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé tàbí ìmọ̀ ìṣòwò fún oyè másítà ní Ìlú Ọba. Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ohun tí ń ká mi lára ni ẹrù iyebíye tí ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nù kí wọ́n tó kúrò nílé.

Nínú àwọn ìwé tí yunifásítì ibẹ̀ máa ń béèrè, àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò wà níbẹ̀, ìwé ìjẹ́rìí láti ọwọ́ olùkọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rí pé a gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì náà sì wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń fi gbogbo ìwọ̀nyí sọ̀rọ̀ nípa wa. Ẹyọ kan ṣoṣo ni àwa fúnra wa ń fi ẹnu ara wa sọ: èyí tí wọ́n ń pè ní “personal statement”, ìyẹn àlàyé ojú-ewé kan tàbí méjì nípa ìdí tí a fi fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ náà àti ohun tí a ti mọ̀ nípa rẹ̀. Èyí gan-an ni àwọn kan ń rà. Wọ́n á fún akọ̀wé kan lówó, tàbí kí wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà bá wọn kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí yóò jáde kò ju pé láti kékeré ni ìfẹ́ ọrọ̀-ajé ti wà lọ́kàn olùbẹ̀wẹ̀, pé Ìlú Ọba ni orísun ìmọ̀, àti pé òun yóò padà wá tún orílẹ̀-èdè òun ṣe. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ta ni yóò wá dá ẹnì kan mọ̀ láàrin wọn?

Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé owó èsúsú ìyá ọmọ náà ni wọ́n fi rán an ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó mọ bí èsúsú ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n kò kà á sí ìmọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Ká ní ènìyàn 10 ń dá ₦10,000 lóṣooṣù, kí ẹ̀rọ ìránṣọ tí oníkálukú fẹ́ rà sì jẹ́ ₦100,000. Ẹni tí ó bá ń dá tirẹ̀ pamọ́ ní òun nìkan yóò dúró fún oṣù 10. Nínú èsúsú, ẹni àkọ́kọ́ yóò kó owó ní oṣù kìn-ín-ní, ẹnì kejì ní oṣù kejì, títí yóò fi kan ẹni ìkẹyìn ní oṣù kẹwàá. Ẹni ìkẹyìn kò pẹ́ ju bí ì bá ti pẹ́ lọ, àwọn 9 yòókù sì ti rà á ṣáájú. Bí a bá pín in dọ́gba, ìdúró ẹnì kọ̀ọ̀kan di oṣù 5 àti ààbọ̀. Kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó ti ìta wọlé. Níbo ni èrè náà ti wá? Kí ni kò jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ sá lọ lẹ́yìn tí ó bá ti kó tirẹ̀? Ìbéèrè ìmọ̀ ọrọ̀-ajé pọ́ńbélé ni ìwọ̀nyí.

Àwọn onímọ̀ ti ń wo ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Èsúsú wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1921. Ní ọdún 1952, William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí èsúsú Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà ti Royal Anthropological Institute ní London. Ní ọdún 1993, Timothy Besley, Stephen Coate àti Glenn Loury fi ìṣirò ìjìnlẹ̀ ṣàlàyé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú “American Economic Review”. Besley yìí sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní London School of Economics lẹ́yìn náà. Ohun tí ọmọ wa ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi àsìkò wọn wá ìdí rẹ̀.

Ẹ tún wo àjọ, níbi tí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èsúsú. Alájọ á máa gba owó láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá parí, á dá a padà, á sì yọ ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ́jà tí ó dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 yóò gba ₦29,000. Báńkì ń san èlé fún ẹni tí ó fi owó pamọ́. Ọlọ́jà ń sanwó fún ẹni tí ń bá a pa owó mọ́. Ṣé òmùgọ̀ ni ọlọ́jà ni? Rárá o. Alájọ ń wá a wá sí ìsọ̀, kò sì ní láti pa ọjà tì lọ tò ní báńkì. Owó tí ó ti wà lọ́wọ́ alájọ, ẹbí kò lè tọrọ rẹ̀, òun náà kò sì lè ná an dànù. Olùbẹ̀wẹ̀ tí ó bá lè ṣàlàyé èyí létòlétò ti fi hàn pé òun lè ronú bí onímọ̀ ọrọ̀-ajé.

Ẹnìkan lè sọ pé ìṣirò ni wọ́n ń wá, pé wọn kò wá ìtàn ọjà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń wá MSc nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé gbọ́dọ̀ mọ calculus àti statistics dáadáa. Èsúsú kò lè dí àlàfo yẹn. MBA náà ń béèrè ìrírí ọdún mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí MSc nínú “management” sábà máa ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò máa kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò nílò ohun tí yóò ṣírò. Èmi kò sì sọ pé kí gbogbo yín kọ̀wé nípa èsúsú, nítorí ìyẹn náà yóò di ọ̀rọ̀ àkọ́sórí. Kí ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó wo ìdí tí iye kòkó fi ń lọ sókè sódò. Kí ọmọ aláṣọ ní Gbági, n’Ìbàdàn, wo ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ń tajà àwìn fún ẹnì kan tí kò sì tà á fún ẹlòmíràn.

Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà; dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 ti kọjá ₦1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìròyìn kàn pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pàdánù àyè wọn ní yunifásítì kan ní England nítorí pé wọn kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san lásìkò. Àwọn òbí ń ta ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ń fúnni ní físà sì lè béèrè lójúkorojú pé, “Kí ló dé tí o fi yan ẹ̀kọ́ yìí?” Ẹni tí ó ra àlàyé rẹ̀ kò ní rí ẹni tí yóò bá a dáhùn níbẹ̀. Ìdílé tí ó ta ilẹ̀ kò tà á kí ọmọ wọn lè lọ fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ kọ́kọ́ kọ àlàyé yín ní èdè Yorùbá. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé ìyá yín ni ó béèrè pé, “Kí lo fẹ́ lọ kọ́, kí lo sì fẹ́ fi ṣe?” Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yé ìyá yín, ó ṣeé ṣe kí ó máà tíì yé ẹ̀yin náà. Ẹ tún un rò, kí ó tó di pé ẹ gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara.

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ má jẹ́ kí ẹ dé òde tán kí ẹ tó máa yá ẹ̀ṣọ́ wọ̀. Ọlọ́run yóò ṣọ̀nà ní rere fún gbogbo yín. Ire o.