Ìgbéyàwó Abẹ́ Igi Kì í Ṣe Ìgbéyàwó Ìkọ̀kọ̀

Àwọn akẹ́gbẹ́ wa kan wà tí wọ́n máa ń yọ ṣùtì sí ọmọ Yorùbá tí ó bá ṣe ìgbéyàwó ráńpẹ́ ní ìta gbangba ní Johannesburg: ènìyàn mélòó kan, òdòdó tútù, òdòdó gbígbẹ, ó parí. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n gbé ara wọn sá lọ. Ìbínú wọn yé mi, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìdájọ́ wọn, n kò sì fara mọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ rárá.

Ní èdè wa, ọmọbìnrin tí àwọn òbí rẹ̀ wá títí tí wọn kò rí ni a ń sọ pé ó bá ọkùnrin sá lọ. Èyí tí bàbá rẹ̀ ṣàdúrà fún lórí tẹlifóònù kò sá lọ síbì kankan. Ìfojúsóde, ìṣíhùn àti ìdána ni òpó ìgbéyàwó Yorùbá. Aṣọ ẹbí àti igba àga kò sí lára wọn. Gbèsè tí àwọn ọlọ́mọ ń jẹ nítorí àríyá ọjọ́ kan, àṣejù ni, kì í ṣe àṣà. Àṣejù yìí gan-an ni ó ń lé àwọn ọmọ wọ inú ọgbà.

Oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni ìgbà ìwọ́wé níbẹ̀. Òjò a máa dáwọ́ dúró, òdòdó cosmos, tí ó ti Mẹ́síkò wá, a sì máa tàn lẹ́bàá ọ̀nà. Protea, tí í ṣe ti ilẹ̀ náà, wúlò ní tútù, ó wúlò ní gbígbẹ. Ta ni ó ní èyí ṣàjèjì sí wa? Ṣebí obì tútù àti atare gbígbẹ ni a jọ ń gbé kalẹ̀ níbi ìdána?

Ibi tí mo ti bá àwọn tọkọtaya náà wí nìyí: wọ́n ń fi oṣù mẹ́fà ṣètò òdòdó, wọn kì í fi ọjọ́ kan wádìí òfin. Òfin Ìgbéyàwó 25 ti ọdún 1961 sọ pé inú ilé ìsìn, ọ́fíìsì ìjọba tàbí ilé àdáni ni kí a ti so tọkọtaya pọ̀, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán wà níbẹ̀. Kí wọ́n bi òṣìṣẹ́ tí yóò so wọ́n pọ̀ léèrè kí wọ́n tó yan igi. Òfin 120 ti ọdún 1998, tí ó dá ìgbéyàwó ìbílẹ̀ mọ̀, àṣà àwọn ọmọ onílẹ̀ South Africa ni ó ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó gbọ́kàn lé ìdána Yorùbá nìkan lè ṣánwọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ogún bá délẹ̀. Koríko pampas gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ pàápàá wà lára ewéko àjèjì apanirun tí ìjọba ibẹ̀ ní kí a káwọ́.

Ẹ tún wo ilẹ̀kùn ṣíṣí àti ẹlẹ́rìí méjì yẹn. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó ṣe òfin náà, síbẹ̀ ó gbà pé ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ohun tí àwọn baba wa fi alárinà ṣe náà nìyẹn. Ẹ̀rí ni ó ń sọ ìfẹ́ di ìgbéyàwó, kì í ṣe èrò.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín pé sísálọ ni èyí. Ìgbéyàwó ráńpẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fẹ́ra, ẹ pe ilé kí ẹ tó pe olódòdó.